Owó pọ̀ ní Àbújá, kí ló dé tí ìkòkò àmàlà mi ń kéré sí i?

Ìyá Tóbi Alámàlà
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa ní Àbújá àti gbogbo Òkè Ọya.

Ọmọ mi ọkùnrin wà ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ nípa ọrọ̀ ajé ló ń kà. Ó délé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní wọ́n kọ́ àwọn pé bí owó àwọn kan bá pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ó lè mú kí agbègbè tètè dàgbà, nítorí olówó ló ń rí owó fi pamọ́, owó tó fi pamọ́ náà ni wọ́n sì fi ń dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ní ó dáa, kó wá bá mi fọ ìkòkò.

Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń ta àmàlà ní Utako. Maraba ni mo ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Nasarawa, bíi ọ̀pọ̀ nínú yín. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń ro àmàlà kí ilẹ̀ tó ṣú. Báyìí, ẹ̀ẹ̀kan àti àbọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀, jíìpù tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ń pọ̀ sí i ni, ilé alájà mẹ́rin méjì sì tún ti yọ lẹ́yìnkùlé wa. Owó wà ní Àbújá, mi ò sọ pé kò sí. Àmọ́ àwọn tó ń jẹun lọ́dọ̀ mi, awakọ̀, mẹ́séńjà, àwọn tó ń ṣọ́ géètì, akọ̀wé kékeré, owó tiwọn ni kò tó nǹkan mọ́. Ọ̀gá wọn tí owó rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta kò lè jẹ àmàlà ìlọ́po mẹ́ta. Ikùn kan náà ló ní.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé irọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọmọ mi ni, àbí èmi ni mi ò rí ọ̀ọ́kán?

Jẹ́jẹ́ Gwagwalada
Ìyá Tóbi, ẹ̀ẹ̀kan àti àbọ̀ wo? Mo dé ọ̀dọ̀ yín ní aago méjì lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ní àmàlà ti tán.

Ìyá Tóbi Alámàlà
Ó gbọ́dọ̀ tán. N kì í ro èyí tó máa kù mọ́.

Akọ̀wé Kubwa
Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Tóbi. Wọn ò parọ́ fún ọmọ yín, ìdajì ìwé ni wọ́n kà fún un.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Simon Kuznets, ará Amẹ́ríkà. Ní 1955, ó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ó ní nígbà tí ìlú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti iṣẹ́ oko bọ́ sí iṣẹ́ ìgboro, àwọn díẹ̀ tó kọ́kọ́ débẹ̀ ni yóò rí owó, àlàfo tó wà láàárín olówó àti tálákà yóò sì fẹ̀. Bó bá yá tí ọ̀pọ̀ ti débẹ̀, àlàfo náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Bí ẹni gun òkè tó tún sọ̀ kalẹ̀ ni. Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba àti Jámánì ló wò. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í fi kún un ni pé Kuznets fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ nínú ìwé náà pé bóyá ìdá 5 nínú 100 ohun tóun kọ ló ní ẹ̀rí, ìdá 95 jẹ́ àbá. Àwọn tó tẹ̀ lé e ló sọ àbá di òfin.

Ní 1965, Jeffrey Williamson fi irú ojú kan náà wo agbègbè sí agbègbè nínú orílẹ̀-èdè: apá kan á kọ́kọ́ sá síwájú, ìyókù á lé e bá tó bá yá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Òkè Ọya, ọdún wo la máa lé e bá?

Èyí tí èmi fara mọ́ jù ni ti Gunnar Myrdal, ará Sweden, ní 1957. Tí n bá fi ọ̀rọ̀ tiwa sọ ọ́, ìlú tó bá ń dàgbà ní ọwọ́ méjì. Ọwọ́ kan ń fúnni: ó ń ra ẹrù àwọn tó yí i ká, ó ń gba ọmọ wọn síṣẹ́. Ọwọ́ kejì ń gbà: ó ń fa owó wọn, ọmọ wọn tó mọ̀wé, àti oníṣòwò wọn tó já fáfá. Bí ọwọ́ tó ń gbà bá lágbára ju èyí tó ń fúnni lọ, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ olówó á máa gbẹ ni. Ẹ wo Maraba kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn.

Bíríkìlà Lugbe
Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ọwọ́ tó ń fúnni yẹn, èmi ti jẹ nínú rẹ̀. Bá a bá ń kọ́ ilé ńlá kan ní Guzape tàbí Katampe, a máa ń tó ọgbọ̀n níbẹ̀: bíríkìlà, lébìrà, káfíńtà, oníwáyà, àwọn tó ń tẹ táìsì. Ìyá olóúnjẹ méjì á wá jókòó sábẹ́ igi. Ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá á wá. Fún ọdún kan, ọdún méjì, gbogbo wa ń jẹ. Ọjọ́ tá a bá kan òrùlé tán tá a fi géètì sí i, ó parí. Mẹ́gáàdì kan ṣoṣo ló kù. Mo mọ ilé kan tí mo bá wọn kọ́ ní 2016, títí dòní kò sẹ́ni tó sun inú rẹ̀ rí. Ẹ lọ sí Maitama lálẹ́, kẹ́ ẹ ka fèrèsé tí iná ń tàn.

Torí náà, olówó ń fi owó pamọ́ lóòótọ́ bí ọmọ Ìyá Tóbi ti wí. Inú bíríkì ló fi í pamọ́ sí. Owó tó ti wọ ògiri kì í gba èèyàn síṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún wà níbẹ̀. Láti 1976 tí ìjọba Murtala ti fi òfin ya Àbújá sọ́tọ̀, ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹni tó mọ̀nà gba ìwé ilẹ̀, ó gbé e lọ sí báńkì, wọ́n yá a lówó, ó fi owó yẹn kọ́ òmíràn. Àwọn Gwárí tí wọ́n bá lórí ilẹ̀, àti èmi tí mo ra tèmi lọ́wọ́ baálẹ̀, ìwé wa kò ṣe é gbé lọ síbì kankan. Ilé mi wà, inú rẹ̀ ni mò ń sùn, ṣùgbọ́n báńkì kò rí i.

Ìyá Tóbi Alámàlà
Bíríkìlà, o ṣeun. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn tí ẹnu mi kò gbà á.

Aláṣirò
Ẹ jẹ́ kí n da omi tútù sí i díẹ̀. Ìdíwọ̀n kan wà tí wọ́n fi ń wo àlàfo owó, Corrado Gini ará Ítálì ló gbé e kalẹ̀ ní 1912. Òdo ni bí gbogbo wa bá ní iye kan náà. 100 ni bí ẹnì kan bá kó gbogbo rẹ̀. Ti Nàìjíríà nínú ìwádìí 2018 sí 2019 jẹ́ 35.1. Ti Amẹ́ríkà ju 40 lọ. Ti Gúúsù Áfíríkà ju 60 lọ. Lórí ìwé, àwa la dọ́gba jù.

Jẹ́jẹ́ Gwagwalada
A dọ́gba! Ẹ gbé omi wá kí n mu o 😂

Aláṣirò
Ẹ dúró ná, mi ò tíì parí. Ohun tí ìdílé ná ni wọ́n kà nínú ìwádìí yẹn, kì í ṣe ohun tó wọlé fún wọn. Tálákà ń ná gbogbo owó rẹ̀. Olówó ń ná díẹ̀, ìyókù wà ní báńkì tàbí nínú bíríkì Bíríkìlà. Èkejì, ọmọ tó gbé fọ́ọ̀mù ìwádìí dání kì í sábà ré géètì Asokoro kọjá. Torí náà, àwọn tó wà lókè kò hàn dáadáa nínú fọ́tò.

Ìsàlẹ̀ ló hàn kedere. Nínú ìròyìn àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ ti 2019, ẹni tí kò bá ní 137,430 náírà láti ná lọ́dún ni wọ́n kà sí tálákà. Náírà 376 lóòjọ́ nìyẹn. Nínú 100 ọmọ Nàìjíríà, 40.1 ló wà nísàlẹ̀ ìlà yẹn. Ní Èkó, 4.5 péré. Ní Sókótó, 87.7. Wọn ò tilẹ̀ ka Borno mọ́ ọn. Ẹ wá wo èyí tó kàn wá: Nasarawa 57.3, Àbújá 38.7.

Ẹ tún un kà. Gbogbo owó epo tó ti wọ Àbújá láti ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá 1991 tí ìjọba ti kó wá síbẹ̀, gbogbo afárá, gbogbo ọ̀nà ẹlẹ́ka mẹ́wàá, ibi tálákà Àbújá wà kò jìnnà sí ibi tí ti gbogbo orílẹ̀-èdè wà. Èyí ló ń yà mí lẹ́nu jù, kì í ṣe Sókótó.

Ọmọ Ìta Wuse
Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àwọn ará Òkè Ọya ni kò fẹ́ kàwé. Wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa bí ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n sì máa tọrọ. Kí ló kan àlàfo owó níbẹ̀?

Alábòójútó
Ọmọ Ìta, a kì í bú ẹ̀yà níbí. Ìlú onílùú lo wà. Tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ tàbí kó o dákẹ́.

Tíṣà Zaria
Ẹ jẹ́ kí n dá àbúrò yìí lóhùn, torí ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ ìṣirò níbí.

Àbúrò, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù kìíní 1955, ṣé ìfẹ́ ìwé ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti ọ̀run ni? Owó kòkó àti owó orí ló gbé e. Ìjọba gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ní, ó fi rán ọmọ ẹni tí kò ní lọ sílé ìwé. Àwọn èèyàn tilẹ̀ bínú sí owó orí yẹn nígbà náà. Bàbá tèmi kì bá tí lè rí owó ilé ìwé mi yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ló fẹ́ fi dúró? Èmi ọmọ ọdún mẹ́fà? Ayé ìwọ̀fà ti kọjá.

Ibi tí àìdọ́gba ti ń dí ìdàgbàsókè lọ́nà nìyẹn, mo sì ń rí i lójoojúmọ́. Ọmọ olówó tí orí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pé ń lọ sí yunifásítì. Ọmọ tálákà tí orí rẹ̀ pé ń gbé abọ́ kiri. Ọmọkùnrin kan wà tó máa ń dúró lẹ́yìn fèrèsé kíláàsì mi, pẹ̀lú abọ́ báárà lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan mo béèrè 7 lọ́nà 8. Kí àwọn tó san owó tó ka ìka tán, ó ti pariwo 56 wọlé láti ìta, lédè Hausa. Mo ní kó wọlé. Ó wá fún ọjọ́ mẹ́rin, lọ́jọ́ karùn-ún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ wá mú un. Ìwọ ní wọn ò fẹ́ kàwé.

Ọmọ Ìta Wuse
Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Mo ti gbọ́.

Ọmọ Sábó Kánò
Ẹ má jẹ́ ká sọ ti Àbújá nìkan. Sábó ní Kánò ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi wá láti Ọ̀fà ní 1961, aṣọ ló ń tà. Kàdúná ló ti máa ń lọ kó ọjà: Kaduna Textiles tí ìjọba Sardauna dá sílẹ̀ ní 1957, lẹ́yìn náà UNTL, ilé iṣẹ́ aṣọ mìíràn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1964. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọn kì í ṣe olówó o. Owó oṣù wọn kéré, àmọ́ ó dájú. Àgbẹ̀ tó gbin òwú lápá Funtua ń jẹ, ẹni tó hun ún ń jẹ, bàbá mi tó tà á ń jẹ, ìyá tó ń ta fùrá lẹ́nu géètì náà ń jẹ. Bí oṣù bá parí, bàbá mi á sọ pé, "Kàdúná ti gbowó," a ó sì jẹ ẹran méjì méjì.

Kaduna Textiles ti ilẹ̀kùn ní 2002. UNTL ti tiẹ̀ ní 2007. Wọ́n ṣí i díẹ̀ lẹ́yìn náà, kò rí bíi ti àtijọ́ mọ́. Iná kò sí, epo dúdú tí ẹ̀rọ wọn ń mu wọ́n, aṣọ fàyàwọ́ láti Ṣáínà sì kún ọjà Kwari fọ́fọ́. N kò ní parọ́, àwa náà ta aṣọ Ṣáínà yẹn.

Olówó kò tán ní Kánò lẹ́yìn ìyẹn o. Aliko Dangote tó lówó jù ní Áfíríkà, ọmọ Kánò ni. Ilé ìfọpo rẹ̀ wà ní Lẹ́kí. N kò bá a wí, ibi tí ọkọ̀ òkun lè gúnlẹ̀ sí ló kọ́ ọ sí, kò sì sí òkun ní Kánò. Ohun tí mò ń wí ni pé ọmọ ìlú lè lówó kí owó rẹ̀ má gbé ìlú.

Aláṣirò
Obajana, ibi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Dangote wà, ńkọ́? Kogi ló wà, Kogi sì wà lára Òkè Ọya.

Ọmọ Sábó Kánò
Ẹ̀gbọ́n, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ló wà ní Obajana. Owó tẹ̀ lé òkúta. Kí ni Kánò ní tí owó á tẹ̀ lé? Láyé àtijọ́, ẹ̀pà ni, àti rélùwéè tó ti so wá mọ́ Èkó láti 1912. Ẹ bá mi wá rélùwéè yẹn o.

Tóbi
Mo dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo àgbà. Èmi ni ọmọ tí wọ́n ní kó wá fọ ìkòkò. Mo fọ̀ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pé mo kàn sọ̀rọ̀ láìní ẹ̀rí. Mark Partridge wo àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1997. Ó rí i pé àwọn ìpínlẹ̀ tí àlàfo owó ti pọ̀ níbẹ̀rẹ̀ ló dàgbà jù lẹ́yìn náà. Kristin Forbes wo àwọn orílẹ̀-èdè ní 2000, ó rí ohun tó jọ ọ́. Ìyá mi kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fún mi ní kànìnkànìn.

Akọ̀wé Kubwa
Tóbi, o káre. Ó dùn mọ́ mi pé o ka orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n padà lọ sínú ìwé Partridge yẹn. Ó tún rí i pé ìpínlẹ̀ tí ìpín àwọn tó wà láàárín gbùngbùn ti pọ̀, kì í ṣe olówó, kì í ṣe tálákà, òun náà dàgbà jù. Ta ni ìpín àárín ní Utako? Àwọn tó ń jẹun lọ́dọ̀ ìyá rẹ ni.

Ní 2002, Ugo Panizza tún àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà yẹn kan náà wò. Kò rí i pé àlàfo ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ nǹkan kan, ìdènà ló jọ. Ó tún ní bó o bá yí ọ̀nà tó o fi ṣírò padà díẹ̀, èsì á yí padà. Robert Barro ní tiẹ̀ sọ ní 2000 pé ní orílẹ̀-èdè olówó, àlàfo lè bá ìdàgbàsókè rìn, ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè tálákà, ó ń fà á sẹ́yìn. Èwo ni tiwa?

Nítorí náà má bi ìwé pé "Ṣé àlàfo dára?" Bi í pé, olówó yìí, ibo ló rí owó, ibo ló sì ń gbé e lọ? Ẹni tó lówó torí ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, àlàfo tó fà yàtọ̀ sí ti ẹni tó lówó torí wọ́n fún un ní ìwé ilẹ̀. Iye kan náà ni ìdíwọ̀n Gini á kọ fún àwọn méjèèjì.

Ti wa níbí, owó àjọpín ni, ìyẹn owó tí wọ́n ń kó jọ fún gbogbo orílẹ̀-èdè kí wọ́n tó pín in. Nínú ọgọ́rùn-ún náírà tó wà nínú àpò náà, 52.68 jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, 26.72 ti ìpínlẹ̀, 20.60 ti ìjọba ìbílẹ̀. Mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ ìjọba, mo mọ bí ìlú ṣe máa ń rí bí owó yẹn bá pẹ́. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bí wọ́n ṣe máa fi kún un. Bí wọ́n ṣe máa pín in nìkan ni.

Tóbi
Ẹ ṣé, sà. Iṣẹ́ àṣetiléwá mi ti yí padà nìyẹn. Ọjọ́ Ajé ni mo gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ o.

Ìyá Tóbi Alámàlà
Mo ka gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan ni mi ò fara mọ́, Akọ̀wé. Ẹ ní ká wo ibi tí olówó ń gbé owó lọ. Ẹ wo ibi tí ti tálákà náà ń lọ. Ọmọbìnrin tó ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń gba 70,000, owó oṣù tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2024 nìyẹn. Maraba lòun náà ń gbé. Tó bá fi san owó ọkọ̀ lọ àti bọ̀ fún ọjọ́ méjìlélógún, ìdajì ti lọ. Àárín ìlú kò gbà á láti gbé, ìlú tó gbà á kò ní iṣẹ́. Owó rẹ̀ ń ṣòfò sójú ọ̀nà Nyanya. Epo ló ń jó. Kì í ṣe àmàlà, kì í ṣe bàtà ọmọ. Wọ́n ní rélùwéè inú ìlú bẹ̀rẹ̀ ní 2018. Ẹ bá mi wá ẹni tó gbé e dé Maraba.

Torí náà mo ti pinnu. Bí owó wọn kò bá lè tẹ̀ lé mi dé Utako mọ́, èmi ni n ó tẹ̀ lé e délé.

Bíríkìlà Lugbe
Ṣé ẹ fẹ́ kó búkà kúrò ni? Ìyá, ẹ rò ó dáadáa o. Àwọn ará Maraba kò lówó lọ́wọ́.

Ìyá Tóbi Alámàlà
Wá bá mi mọ ògiri rẹ̀. N ó fún ẹ lóúnjẹ, n ó sì sanwó.

*(Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà)*

Jẹ́jẹ́ Gwagwalada
Ìyá Tóbi, mo dé Utako lónìí, aránṣọ ló wà ní ṣọ́ọ̀bù yín. Báwo ni Maraba?

Ìyá Tóbi Alámàlà
Ó ń lọ. Mo dín abọ́ kù, mo dín ẹran kù, pọ̀ǹmọ́ ni wọ́n fẹ́ràn. Owó ilé kò tó ìdá mẹ́ta ti Utako, n kì í sì í san owó ọkọ̀ mọ́, ìyẹn nìkan ti fi nǹkan kún ọwọ́ mi. Tí owó oṣù bá wọlé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mò ń ro ó, ọjọ́ méje gbáko. Látọjọ́ kẹwàá oṣù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi láti òdìkejì títì, wọn ò ní sọdá. Àwọn ọlọ́kọ̀ nìkan ló ń jẹun títí oṣù fi ń parí. Tóbi ní òun fẹ́ máa kọ iye abọ́ tí mo ń tà lójoojúmọ́ sílẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́, bó bá ti lè máa fọ abọ́ náà.

Ọmọ Sábó Kánò
"Kàdúná ti gbowó." Ẹ rántí bàbá mi.

Bíríkìlà Lugbe
Ìyá, ọ̀la ni n ó kọjá lápá ibẹ̀. Owó kò tíì wọlé o. Ṣé ẹ ń ta àwìn?

Ìyá Tóbi Alámàlà
"Kò sí àwìn lónìí," mo kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri. Ṣùgbọ́n ìwọ lo mọ ògiri ọ̀hún. Tètè dé kó tó tán.